Agbọ́n Kékeré Tí Ó Gba Oko Ẹ̀gẹ́ Là

Ní agbègbè wa, láti Ìjerò dé Arámọkọ títí lọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, bí iṣu bá tán nínú àká, ẹ̀gẹ́ ni ó ń gba ilé sílẹ̀. Àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ láti inú gààrí mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà kan, àti pé Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ tú ìgbàlà rẹ̀ sílẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1973, kòkòrò àjèjì kan yọ ní ilẹ̀ Kóńgò. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun sí i lára. Abo ni gbogbo wọn. Wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Wọ́n ń fa omi ara ẹ̀gẹ́, itọ́ wọn sì ń ká ọ̀mùnú rẹ̀ jọ bí ẹ̀ṣẹ́ tí a dì. Níbi tí ó bá ti le, ó lè gba 80 nínú 100 ìkórè àgbẹ̀.

Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dé ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ní 1979. Ó rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ọ̀tá kòkòrò yìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n wá a, wọ́n sì rí kòkòrò kan tí ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tí wọ́n kó lára rẹ̀ kò lè gbèrú lára ti Áfíríkà. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ó ní akọ, ó ní abo: irú mìíràn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè àǹfààní tí ó wà nínú yíya àwòrán ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ kòkòrò. Èyí ni.

Ní 1981, Anthony Bellotti rí kòkòrò náà gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n kan tí kò gùn tó ìdajì ìka èékánná. A kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má baà kó àrùn wá, kí a tó tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún náà. Agbọ́n yìí ń yé ẹyin sínú kòkòrò. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú, awọ a gbẹ, agbọ́n tuntun a sì dá a lu jáde. Kì í fọwọ́ kan oyin, kì í ba odò jẹ́. Ẹni tí ó bá rántí bí a ti ń da Gammalin 20 sí oko kòkó, tí àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja, yóò mọ ìyàtọ̀.

Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 20. Ọkọ̀ òfurufú ni a fi fọ́n ọn níbòmíràn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í ka kòkòrò: ọmọ Áfíríkà ni a kọ́ láti sìn ín, láti kà á àti láti dá a mọ̀. Herren gba World Food Prize ní 1995. Lójú tèmi, àwọn tí a kọ́ wọ̀nyí ni èrè tí ó tóbi jù.

Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 4, jẹ́rìí pé Sólómọ́nì pàápàá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń rákò. Àpótí kan, awò amú-nǹkan-tóbi àti ìwé pélébé tí a kọ ibi, ọjọ́ àti ewéko sí ti tó fún àwọn ọmọ wa láti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2008, kòkòrò kan náà dé ilẹ̀ Thailand. Ilé-iṣẹ́ IITA tí ó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti wá gba agbọ́n náà lọ.