Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Kí Ọdún Tó Yí: Gbèsè, Sàká àti Owó Orí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí arísìkí gbogbo ẹ̀dá wà ní ọwọ́ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú owó wa gẹ́gẹ́ bí a ti ń bẹ̀rù Rẹ̀ nínú ìrun wa. Àáyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùráánì kò dá lórí ìrun tàbí ààwẹ̀. Inú Súúrà Baqarah ni ó wà, àáyà 282, ọ̀rọ̀ gbèsè àti bí a ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó sì ń sọ. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí àkọsílẹ̀ má sú wa, ì báà jẹ́ owó kékeré tàbí owó ńlá. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó ti ìwé àti kálàmù láti ṣírò owó rẹ̀ kò kúrò nínú ìjọsìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi ní ìparí ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Òkúdù 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Owó tí ó ń ra ẹrù kún ìsọ̀ nígbà náà kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 Oṣù Òkúdù 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní Oṣù Ṣẹẹrẹ 2026. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ ni ìbẹ̀rù àti àhesọ yóò máa gbé kiri.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Gbèsè

Wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun kí ó kírun sí i lára. Ó béèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Wọ́n ní dínárì mẹ́ta ni ó jẹ. Ànábì ní kí àwọn sàábé kírun sí ẹnìkejì wọn, òun fúnra rẹ̀ kò kí i, àfi ìgbà tí Abu Qatadah gba gbèsè náà sí ọrùn ara rẹ̀.

Ẹ wò ó, àwọn tí ó wà níbẹ̀ mọ iye tí òkú náà jẹ. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí ẹnì kan nínú wa lónìí, ǹjẹ́ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ mọ iye tí ó jẹ ẹni tí ó ń já ọjà fún un? Ǹjẹ́ wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ òun náà lówó, àti alájọ tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ, iye àti ọjọ́. Ẹ pe ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè kí ọdún tó parí, kí ẹ jọ fọwọ́ sí iye tí ó kù, kódà bí ẹ kò bá tíì rí i san.

Ẹ̀kọ́ kejì: Sàká

Sàká di ọ̀ranyàn nígbà tí owó bá tó òṣùwọ̀n góòlù gíráàmù 85, tí ó sì pé ọdún kan ní ọwọ́ ẹni. Nítorí pé iye náírà máa ń yí padà, iye náírà tí ó dúró fún góòlù yìí lè má jẹ́ ti èṣí. Ẹ béèrè iye góòlù ní ọjọ́ tí ọdún sàká yín bá pé. Ọdún òṣùpá ni a fi ń ka sàká, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún òyìnbó lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ má fi ìparí Oṣù Ọ̀pẹ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀, ní iye tí yóò tà á lónìí, jẹ́ ₦17,000,000. Owó báńkì àti àjọ rẹ̀ jẹ́ ₦5,000,000. Gbèsè tí ó dájú pé wọn yóò san fún un jẹ́ ₦2,000,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦24,000,000. Ó jẹ àwọn tí ó já ọjà fún un ní ₦4,000,000. Ó ku ₦20,000,000. Ìdá kan nínú ogójì rẹ̀, ìyẹn ₦500,000, ni sàká rẹ̀. Pákó ìsọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ tí ó ń gùn kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹni tí kò ka ọjà rẹ̀, tí ó kàn fa ₦20,000 yọ fún aláìní, sàárà ni ó ṣe. Sàká ṣì wà ní ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Owó orí

Sàká kò rọ́pò owó orí, owó orí kò sì rọ́pò sàká. Ẹ̀tọ́ wa ni láti bi ìjọba léèrè ohun tí wọ́n fi owó wa ṣe, ṣùgbọ́n irọ́ pípa kò di ẹ̀tọ́ nítorí pé ojú títì wa bàjẹ́.

Lábẹ́ òfin tuntun yìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí a san owó orí lé lórí lọ́dún kò ní owó orí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju ₦70,000 tí ìjọba fi lélẹ̀ kò san rárá. Lẹ́yìn ₦800,000, ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e ni a ó san ₦15 lé lórí nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń gbé ilé onílé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ó san, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo òṣìṣẹ́ kan ní Súrùlérè tí ń gba ₦150,000 lóṣù, tí ó sì ń san ₦600,000 fún ilé lọ́dún. Bí a bá fi owó ìfẹ̀yìntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦1,800,000. Bí ó bá ní rìsíìtì, yóò yọ ₦120,000 nítorí owó ilé, owó orí rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦132,000. Bí kò bá ní ẹ̀rí kankan, yóò jẹ́ ₦150,000. Ìwé pélébé kan ni ó gba ₦18,000 náà là. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé yín, ẹ̀yin onílé, ẹ má sì fi du ayálégbé yín, nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, orí èrè ni owó orí wà, kì í ṣe orí gbogbo owó tí ó wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ èrè yín bí ẹ kò bá kọ iye tí ẹ fi ra ọjà, owó ìsọ̀ àti owó ọkọ̀ sílẹ̀? Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kò ní owó orí, nítorí ẹ̀bùn ni. Ẹni tí ó bá tajà, tí ó wá ní kí oníbàárà kọ “ẹ̀bùn” sí owó tí ó fi ránṣẹ́, irọ́ ni ó ń pa, ó sì fi ẹlòmíràn ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé ní ọdún kan ni olúkúlùkù onísòwò yóò fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Èkó, LIRS, kí ọjọ́ 31 Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún tí ó tẹ̀lé e tó kọjá.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Owó ọ̀la

Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ àwọn ará Íjíbítì láti tọ́jú ọkà ọdún méje ọ̀pọ̀ de ọdún méje ọ̀dá. Oṣù Ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀ tiwa, nígbà tí ọjà ń tà ní Tẹ́júoṣó àti Ojúwòyè. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọ̀dá, nígbà tí owó iléèwé àti owó ilé bá dé. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ yọ owó òwò sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí, kí ẹ má baà lọ yá owó èlé orí fóònù láti fi ra ọjà padà.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, kí Jímọ̀ tí ń bọ̀ tó dé, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ ní, ohun tí ẹ jẹ, ohun tí wọ́n jẹ yín, àti ọjọ́ sàká yín. Ẹ fi han ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nínú ilé. Ìwé kan náà ni yóò sìn yín fún sàká, fún owó orí, àti fún àwọn tí yóò pín ogún yín.

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí gbèsè di ẹrù wa dé sàréè. Fi hálálì tó wa kúrò nínú hárámù. Fi alùbáríkà sí ọwọ́ àwọn tí ń ṣe òótọ́, kí O sì tu ìlú wa lára. Àmín.