Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Dé Èbúté?

Ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí èrò sábà máa ń ní àkókò méjì nínú, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń wò. Èkíní ni àkókò tí ọkọ̀ yóò ṣí. Ní èbúté Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Èkejì ni àkókò tí wọ́n ní kí ẹ yọjú sí èbúté, bíi láàárín aago méjìlá sí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán. Galveston ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí nǹkan bí 50 máìlì péré ló fi jìnnà sí Houston, ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, òun ló sì sún mọ́ wọn jù bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí tàbí àyájọ́ ìgbéyàwó lórí omi. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ló wà nínú “ìgbà wo ni ká dé”, dída wọ́n pọ̀ ló sì ń kó èèyàn sí wàhálà. Ìgbà tí a máa dé ìlú yàtọ̀ sí ìgbà tí a máa dé géètì. Kí a tètè dé ìlú, kódà láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ní ti géètì, àkókò tí wọ́n dá fún wa ni kí wọ́n bá wa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹni tó máa ń pẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá máa ṣí ní aago mẹ́rin, bí òun bá dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀, òun ṣì bá a. Kò lè bá a. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ fi orúkọ gbogbo èrò tó kó ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè, ó pẹ́ tán, ní 60 ìṣẹ́jú kó tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi máa ń ti ibi ìforúkọsílẹ̀ ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú àkókò ìṣíkọ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn náà lè rí ọkọ̀ tó dúró gbagidi níwájú rẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kì í ràn án, torí pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ kọ́ ló ṣòfin. A lè kọ aago méjì ọ̀sán sínú káàdì ìnáwó wa, kí àlejò àkọ́kọ́ yọjú ní aago márùn-ún, kí jọ̀lọ́ọ̀fù ṣì tó o jẹ. Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ìnáwó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tún wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọ lu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 sì kú. Nǹkan bí 700 èrò ló wọ ọkọ̀ náà ní èbúté Civitavecchia lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí wọn kò sì tíì ṣe ìdánrawò tó ń fi ibi tí wọn yóò kóra jọ sí hàn wọ́n bí ewu bá dé. Òfin ìgbà náà fàyè gbà á: ọkọ̀ lè ṣe ìdánrawò náà láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn tí èrò bá wọlé. Láti ọdún 2015, òfin àgbáyé ti yí padà, ìdánrawò sì gbọ́dọ̀ wáyé kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí gẹ́rẹ́ tó bá ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá já wọlé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe, kì í ṣe pé kó kàn ju báàgì sílẹ̀ kó wá ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yá jù náà ń ṣìṣe, ohun tó sì ń mú un ṣe é kò burú lójú: ó ti sanwó oúnjẹ, kò fẹ́ kí oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní fo òun. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ tó tóbi jù nínú àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti Galveston lè kó èrò tó lé ní 5,000. Àfẹ̀mọ́jú ló máa ń gúnlẹ̀, àwọn èrò tó kó dé á sì máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bí wọ́n ti ń sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń ká aṣọ ibùsùn ní yàrá kan bọ́ sí òmíràn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já ẹran, ẹ̀fọ́ àti ẹyin tí wọn yóò jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aṣọ́bodè gbọ́dọ̀ rí i pé iye èrò àtijọ́ tó kù nínú ọkọ̀ ti di òdo kí ẹni tuntun tó lè wọlé. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sùn gbàgbé sínú yàrá rẹ̀, gbogbo ìlà tó wà níta á máa retí rẹ̀. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́sàn-án á wá bá àwọn tó ń lọ pàdé lójú títì Harborside Drive: takisí ń fọn fèrè, ọmọdé ń sunkún, oòrùn Texas ń ràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. Bó bá sì wọlé tán, yàrá lè má tíì ṣetán títí di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, kó wá máa gbé báàgì kiri.

Ẹnì kan lè sọ pé òun mọ ẹni tó wọlé ní aago mọ́kànlá láìsí wàhálà. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìrìn-àjò ni ilé-iṣẹ́ ti máa ń ṣí ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí èrò ti lè mú àkókò tó wù ú. Àwọn tó tètè forúkọ sílẹ̀ ló ń kó àkókò òwúrọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀, orí fóònù ni kó ti tètè dé, kì í ṣe ẹnu géètì. Àwọn tó bá sì gba aago méjì kò pàdánù púpọ̀, nítorí yàrá wọn á ti wà ní ṣíṣí, ìlà á sì ti dín kù.

Ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ tó tóbi jù, òun ló sì fi hàn pé dídé ìlú kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú dídé géètì. Erékùṣù ni Galveston. Afárá ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀nà I-45 tó ti Houston wá fi wọ ibẹ̀, kò sì sí rélùwéè tó ń kó èrò lọ. Bí ọkọ̀ méjì bá forí gbárí lórí I-45, tàbí bí àwọn ará Houston bá ń rọ́ lọ sí etíkun ní òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrìn wákàtí kan lè di méjì tàbí mẹ́ta. Ti ẹni tó ń wọ bàálù bọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pápákọ̀ òfurufú Hobby jẹ́ nǹkan bí 40 máìlì sí èbúté, Bush Intercontinental jẹ́ nǹkan bí 70, ní òdìkejì Houston pátápátá. Bí bàálù àárọ̀ bá pẹ́ wákàtí mẹ́ta, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èèyàn tún lè dé ìlú kó má dé ibi tó ń lọ: èbúté náà ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ, tí nọ́ńbà 10 sì jìnnà sí nọ́ńbà 25 àti 28. Kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yín dáadáa kí awakọ̀ tó já yín sílẹ̀.

Èmi ò ní bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n ní Galveston nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, ẹni tó ti tọ́jú owó ìrìn-àjò náà fún ọdún kan kò fẹ́ fi kún un. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ inú erékùṣù ni èèyàn máa sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì wà ní Texas City, League City àti Webster, kí a tó dé afárá, àwọn kan sì máa ń jẹ́ kí àlejò fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi dé, èyí tó lè dín owó ìgbọ́kọ̀sí ní èbúté kù. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Houston lè sun ọ̀dọ̀ wọn, kó tètè jí. Ẹni tó ń gbé Houston kò nílò hòtẹ́ẹ̀lì kankan, wákàtí méjì àfikún lójú ọ̀nà ló nílò. Bó bá sì tètè dé, kó lọ jókòó sí etí òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti London tàbí New York bọ̀, tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó máa balẹ̀ ní aago mọ́kànlá ọjọ́ ìwọkọ̀, fẹ́ fi ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ kan ṣọfà owó hòtẹ́ẹ̀lì òru kan.

Àtakò kan kù tó lágbára: ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́, kí ló dé tí èrò ò fi lè pẹ́? Ní ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, kùrukùru máa ń bo Galveston, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó móoru tó sì lọ́rinrin bá ti ojú òkun fẹ́ sórí omi tútù tó wà nítòsí ilẹ̀. Bí ó bá ṣú tó bẹ́ẹ̀, àwọn atukọ̀ tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ ńlá kò ní mú un wọlé, ọkọ̀ á sì dúró sójú òkun pẹ̀lú èrò àtijọ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ máa ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí èrò pé kí wọ́n má wá títí di ìgbà báyìí. Ẹni tó ti wà nítòsí á ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, á dúró sí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé oúnjẹ. Ẹni tó ti sáré dé géètì láti aago mẹ́jọ ni yóò dúró síta. Ẹni tó sì fẹ́ fi kùrukùru ṣe àwáwí kò mọ̀ bóyá kùrukùru náà yóò ká kíá, kí wọ́n padà sí àkókò tí wọ́n dá tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni kí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fún wọn ṣì máa ṣiṣẹ́.

Bí ọkọ̀ bá fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó lè ṣeé ṣe kó wọ bàálù lọ pàdé rẹ̀ ní Cozumel ní Mẹ́síkò, bí ọkọ̀ náà bá ń yà níbẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ bá gbà, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ìwé ìrìnnà ti ń ṣe pàtàkì. Òfin gba ọmọ Amẹ́ríkà láyè láti fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ wọ ọkọ̀ tó ti Galveston lọ tó sì ń padà sí Galveston, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi ìwé yẹn gbé e wọ bàálù lọ sí Mẹ́síkò. Nítorí náà, kí a mú páàsípọ́ọ̀tù dání, kí a fi í sínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú oògùn, kì í ṣe sínú àpótí tí aláàárù èbúté máa gbà lọ, torí pé àpótí yẹn lè má dé yàrá títí di alẹ́. Ẹni tó bá sì rí i lójú ọ̀nà pé òun ti ń pẹ́, kó pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ọkọ̀ náà láti ibẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá dé géètì.