Ọkọ Tí Ń Retí Ọmọ: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Dá Ẹrù Náà Gbé

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sí àgbà tí kì í gbàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní. Àdúrà dáradára ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni gbogbo ojú ti ń wo ikùn ìyàwó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, ìyá ọkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọ̀n ọ́n; bí ó bá di ọdún kan, àwọn ará ilé á máa sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀; bí ó bá di ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ á bọ́ sí gbangba. Ojú ọkọ ńkọ́? Ta ni ń wò ó? Ọ̀rọ̀ ọkọ yìí ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ohun tí a ń rí ní dìsìpẹ́ńsárì ní agbègbè Ìkirè àti Apòmù níhìn-ín ti pọ̀ tó èyí tí a kò gbọdọ̀ pa mọ́ mọ́.

Obìnrin tí ń wá ọmọ máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Á jókòó, á sọ tẹnu rẹ̀, á sunkún díẹ̀, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́. Ọkùnrin kì í wá. Bí ó bá tilẹ̀ wá, orí fífọ́ ni yóò wí, tàbí pé òun kò rí oorun sùn, tàbí pé nǹkan kan ń rìn nínú orí òun, tàbí pé àyà òun ń já. Ìgbà tí a bá bi í pé, "Ọ̀gá, ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fún yín?" ni ojú rẹ̀ ń yí padà, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ẹ wo bí a ti ń pe ara wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọkùnrin bá ti bí àkọ́bí, orúkọ tirẹ̀ ti wọlé lọ nìyẹn. Bàbá Tọ́lá tàbí Bàbá Ràṣídì ni a ó máa pè é títí dọjọ́ alẹ́. Ọkùnrin tí kò tí ì bí, kí ni a ó pè é? "Bàbá Onímọ́tò" ni, tàbí "Bàbá Oníkòkó." Lójoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń rán an létí ohun tí kò ní, wọn kò sì mọ̀. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ń dá owó ìkómọjáde. Ó ti dá a fún ẹni méjìlá, kò tí ì sí ẹni tí ó dá a fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe àwàdà, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ara ọkùnrin yìí mà yá o. Bí ó bá délé, tí ó rántí pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, oorun kò ní kùn ún mọ́.

Ẹ̀bi tí a ń dì ru obìnrin kò gba ọkùnrin là rárá. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwọn ará ìlú láti gbọ́ ohun tí wọ́n rò nípa àìrọ́mọbí, ìwé tí wọ́n kọ lé e lórí sì jáde ní 1997. Ohun tí wọ́n gbọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí à ń gbọ́ ní Ìkirè: obìnrin ni a ń dá lẹ́bi, òun ni ìyà sì ń jẹ jù. Nígbà tí gbogbo ayé bá ti gbà pé kò sí ohun tí ó ṣe ọkọ, báwo ni ọkọ yóò ṣe la ẹnu pé bóyá ọ̀dọ̀ òun ni ó wà?

Kí ni ìmọ̀ ìṣègùn wá wí? Bí tọkọtaya bá ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12, láìlo ohunkóhun tí ń dènà oyún, tí oyún kò sì dúró, ó tó àkókò láti lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ìyàwó bá ti tó ẹni ọdún 35, kí wọ́n má dúró ju oṣù 6 lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé nínú àgbàlagbà 6, ẹni 1 ni yóò bá ìṣòro yìí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Àrùn tí ń ṣe ogójì ní í ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Nínú tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì kàn, nǹkan bí ìdajì ni ó jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó.

Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa lè dí ojú ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Ṣegede, èyí tí ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, bí ó bá mú ọmọkùnrin tí ó ti bàlágà, lè sọ̀kalẹ̀ sí kórópọ̀n kí ó sì bà á jẹ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ lè wú nínú àpò ẹpọ̀n, kí ó máa mú un gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Sìgá ń bà á jẹ́, ọtí àmujù pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kì í rí ìdí kankan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn ọkùnrin lójú nìyí: akúra ọ̀tọ̀, àìrọ́mọbí ọ̀tọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pípé lórí ibùsùn lè máà ní irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀, bí àtọ̀ náà ti wù kí ó nípọn tó. Ojú lásán kò lè rí i.

Nítorí náà, kí ọkọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Tirẹ̀ ni ó rọrùn jù. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí abẹ. Kí ó má bá obìnrin lò fún ọjọ́ 2 sí 7, kí ó fi àtọ̀ sínú ìgò mímọ́ tí wọ́n bá fún un, kí ó sì dé ọwọ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí 1 tó pé. Ẹni tí ó bá fi í sápò ní Ìkirè, tí ó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró lójú ọ̀nà, iṣẹ́ òfò ni ó ṣe. Ní ilé ìwòsàn gan-an ni kí ó ti ṣe é. Bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára, kí ó má sọ ìrètí nù. A óò tún un ṣe, nítorí ibà lásán lè dín irúgbìn kù fún ìgbà díẹ̀, ara a sì máa lo nǹkan bí oṣù 3 kí ó tó pèsè tuntun.

Ṣùgbọ́n bí èsì kejì náà kò bá dára ńkọ́? Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bí ènìyàn bá kú, a ń kí ará ilé rẹ̀ kú àfẹ́kù. Bí ilé bá jó, a ń kí onílé kú ewu iná. Ọkùnrin tí dókítà sọ fún pé kò sí irúgbìn, kí ni a ń kí i? Kò sí "ẹ kú" kankan fún un. Ọ̀fọ̀ ni ó ṣẹ̀ ẹ́, kò sí òkú nílẹ̀, kò sí ẹni tí ó wá jókòó tì í. "Ṣe bí ọkùnrin" nìkan ni ó ń gbọ́.

Mo mọ ọkùnrin kan tí ó fi ìwé èsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àga mọ́tò rẹ̀ fún ọdún 2, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń mu àgbo láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan dé òmíràn. Ó ń mutí, ó ń bínú sí gbogbo ènìyàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń wakọ̀ ni ó fura, tí ó sì bá a lọ sílé láti sọ fún ìyàwó. Obìnrin náà sunkún, ó bínú. Ó ní ohun tí ó dun òun jù kì í ṣe èsì yẹn, àgbo ọdún méjì ni. Títí di bí mo ti ń kọ èyí, wọn kò tí ì bímọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń sùn lóru, wọ́n sì jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bí ọkùnrin bá wà fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ní ojoojúmọ́, tí kò rí oorun sùn tàbí tí kò fẹ́ jí, tí oúnjẹ kò wù ú, tí oko tàbí ìsọ̀ rẹ̀ kò jọ ọ́ lójú mọ́, tí ó ń wí pé òun kò wúlò, ìsoríkọ́ ni. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe wèrè. Bí ó bá sọ pé ikú yá ju kí òun wà láàyè, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn tí a fi ń pa kòkòrò oko kòkó kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Bíbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń ro ikú kò lè fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó máa ń tù ú lára pé ẹnì kan bèèrè.

A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọkàn ní ilẹ̀ yìí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí sì ń bá wọn wá láti máa se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàrin ènìyàn. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ifásitì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò tí a fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké láti dá ìsoríkọ́ mọ̀ àti láti tọ́jú rẹ̀. Àbọ̀ iṣẹ́ náà jáde ní 2015. Kò di dandan kí ènìyàn kọ́kọ́ sáré dé ìlú ńlá.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, mo kí yín o. Mo mọ̀ pé ọmọ-ọmọ ni ẹ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó kejì kì í ṣe àyẹ̀wò. Bí irúgbìn kò bá sí, ìyàwó mẹ́ta kò lè mú un wá. Obìnrin mìíràn ni ẹ ó kàn mú wọnú ìyà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ yé sáré fún un ní orúkọ oníṣègùn. Ẹ wí fún un pé, "Mo gbọ́ pé ọjọ́rú ni ẹ̀ ń lọ rí dókítà, ṣé kí n bá ọ lọ?" Kí ẹ sì lọ. Bí ó bá kọ̀ láti wá síbi ìkómọjáde, ẹ má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà àti lémọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà fún àwọn tí ń wá ọmọ, ẹ má pe obìnrin nìkan jáde, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni jáde ní gbangba láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn jọra, tí wọ́n ń pàdé lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́yìn ìrun, wúlò púpọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó, inú tiyín náà bàjẹ́, mo mọ̀; ṣùgbọ́n ẹ má fi èsì rẹ̀ bú u nígbà ìjà.

Ní ti ìtọ́jú, àwọn kan wà tí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ní 1978 ni a bí ọmọ àkọ́kọ́ tí a lóyún rẹ̀ láti inú ìgò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ṣe é yọrí ní LUTH ní Èkó. Láti 1992 sì ni ọ̀nà ti wà láti mú irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin, èyí tí ó ran ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí tiwọn kéré lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, kì í sì í yọrí nígbà gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni tó ta oko, kí òun àti ìyàwó pinnu iye ìgbà tí wọn óò gbìyànjú, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ nípa gbígba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin. Ẹ ṣọ́ra fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti agbára ọkùnrin: èyí tí omi ara ọkùnrin wà nínú rẹ̀ lè mú kí ara dẹ́kun láti pèsè irúgbìn pátápátá.

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ó ti lò sílẹ̀, ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. A kò ní bá a jà. Bí ojú bá ń tì í láti jókòó sáàrin àwọn aboyún, kí ó dúró di ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ti lọ sílé.