Tí Linux ò bá rí Wi-Fi lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yín

Ní Òkè-Baálẹ̀ níbí, l'Óṣogbo, níbi tí ọgbà ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà ju ohun tí Windows 11 ń fẹ́ lọ, Microsoft sì ti parí ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń yí sí Ubuntu tàbí Linux Mint. Ó máa ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ á sì yá. Wàhálà kan ló sábà máa ń kù: Wi-Fi ò yọjú rárá. Ọ̀pọ̀ á ní káàdì ti bàjẹ́, wọ́n á dá Windows padà. Ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Káàdì Wi-Fi ò gbọ́ èdè Linux fúnra rẹ̀. Driver ni ògbufọ̀ tó ń jókòó láàárín wọn. Intel fúnra rẹ̀ ń kọ driver fún Linux, torí náà káàdì Intel sábà máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Broadcom ni oníwàhálà. Ní September 2010, wọ́n ṣí driver àwọn káàdì wọn kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò kan BCM43142, tó wà nínú ọ̀pọ̀ HP àti Dell. Driver tirẹ̀ ń jẹ́ wl, ẹnikẹ́ni ò lè rí inú rẹ̀, Ubuntu kì í sì í gbé e wọlé àyàfi tí ẹ bá fàyè gbà á.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ló pa Wi-Fi. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+T kí Terminal ṣí, kí ẹ kọ:

rfkill list

Tí ẹ bá rí "Hard blocked: yes", bọ́tìnnì ara láptọ́ọ̀pù ló pa á, lórí HP púpọ̀, F12 ni. Tó bá jẹ́ "Soft blocked: yes", sudo rfkill unblock wifi á tú u. Tí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ bi ẹ̀rọ náà pé irú káàdì wo ló gbé sínú:

lspci -nnk | grep -iA3 network

Èmi kì í wo orúkọ, nọ́ńbà ni mò ń wò. [14e4:4365] túmọ̀ sí pé Broadcom ni, BCM43142 gan-an. Tó bá fi 8086 bẹ̀rẹ̀, Intel ni. 10ec ni Realtek. Ibí làwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á rí "Kernel driver in use: bcma-pci-bridge", wọ́n á ní ṣebí driver ti wà. Kò tíì sí o! bcma kàn di ilẹ̀kùn mú ni, kò lè bá rédíò inú káàdì yìí sọ̀rọ̀. wl ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Láti gba wl, a nílò íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà la sì ń wá, àbí? Fóònù Android ni ọ̀nà àbáyọ. Ẹ fi okùn USB so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tan USB tethering nínú Settings. Tí Wi-Fi ọ̀rẹ́ yín bá wà nítòsí, ọ̀pọ̀ fóònù lè gbà á, kó gba inú okùn kọjá, dátà yín ò ní lọ. Láti January 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí àfikún owó tó lè tó ìdá 50 nínú 100, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ má ṣe upgrade kankan nísinsìnyí, méjì yìí nìkan:

sudo apt update
sudo apt install bcmwl-kernel-source

Lórí Debian, broadcom-sta-dkms ni orúkọ rẹ̀. Ó máa pẹ́ díẹ̀, torí kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ driver náà. Ẹ rí i pé bátìrì kún, iná ò ṣeé fọkàn tán.

Tí Secure Boot bá wà ní títàn, ó máa ní kí ẹ yan password kan. Ẹ má gbàgbé rẹ̀. Tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn, ojú ìwé aláwọ̀ búlúù kan á yọ, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló máa dúró. Ẹ tètè tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí, ẹ yan Enroll MOK, Continue, Yes, kí ẹ kọ password yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá lọ á ní driver lóòótọ́, ṣùgbọ́n Linux ò ní gbà á wọlé.

Nígbà tó bá tàn padà, ẹ kọ nmcli device wifi list, orúkọ àwọn nẹ́tíwọ̀kì á jáde. Tí hotspot fóònù yín nìkan ò bá sí níbẹ̀, káàdì yìí ò mọ̀ ju 2.4 GHz lọ. Ẹ yí hotspot kúrò lórí 5 GHz.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú ra káàdì Intel fi rọ́pò rẹ̀. Ó dáa, àmọ́ àwọn HP àtijọ́ kan kì í gba káàdì tí HP ò bá mọ̀: wọ́n á kọ̀ láti tàn, wọ́n á sì kọ error 104 sójú. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Wi-Fi kékeré oní-USB ló dáa jù, kí ẹ sì béèrè irú chip inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.