ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ìròyìn Wo Ló Yẹ Kó Ṣáájú?

Ní 1965, Johan Galtung àti Mari Ruge, ọmọ Nọ́wè, kọ̀wé pé ìròyìn tó sún mọ́ni, tó kan àwọn ènìyàn ńlá, tó sì burú, ló máa ń tètè bọ́ sí iwájú. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Bí àpẹẹrẹ, ní Tatonnonkon, lágbègbè Adja-Ouèrè ní orílẹ̀-èdè Benin, àgbẹ̀ pọ̀. Bí òjò bá ba ọ̀nà oko jẹ́ lọ́jọ́ tí mínísítà sọ̀rọ̀ ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni kó ṣáájú: ẹni tí àgbàdo rẹ̀ ń jẹrà kò lè dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ìròyìn náà jáde, ẹ kọ́kọ́ bi ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìròyìn mẹ́ta wá lọ́la, kí ẹ sọ èyí tí ẹ ó fi ṣíwájú àti ìdí rẹ̀.