Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀: Igbó A Máa Bọ́ Ẹni Tí Ó Bá Ṣọ́ Ọ

Àwọn baba wa sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí àgbẹ̀ má gé igi, kí ó má sì dẹ igbó, ó yẹ kí ó sọ ohun tí àgbẹ̀ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí.

Àpẹẹrẹ Ekuri

Ekuri Àtijọ́ àti Ekuri Tuntun jẹ́ abúlé méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Akamkpa, ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Igbó wọn tó 33,600 hẹ́kítà. Hẹ́kítà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì ààbọ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn agégẹdú wá bá wọn, wọ́n ní àwọn yóò la ọ̀nà mọ́tò fún wọn bí wọ́n bá lè jẹ́ kí àwọn gé igi. Orí ni àwọn ará Ekuri fi ń ru irè oko jáde nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n kọ̀. Wọ́n rí i pé bí igi bá tán, kò ní sí ohun tí àwọn yóò gbé gba ọ̀nà náà.

Ní ọdún 1992, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ekuri Initiative sílẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ wọn: ibi tí a lè dáko sí wà, ibi tí a ti lè já ewé afang, kí a sì ṣa àpọ̀n wà, ibi tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn náà sì wà. Àwọn oníṣòwò tí ń wá ra nǹkan igbó ń san owó sí àpò ìlú. Owó tí igbó mú wá yìí wà lára ohun tí wọ́n fi la ọ̀nà fúnra wọn. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún wọn ní Ẹ̀bùn Equator.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ la ọ̀nà ńlá kan, ó sì kéde pé òun gba ilẹ̀ kìlómítà 10 ní ọ̀tún àti ní òsì rẹ̀. Ekuri ta kò ó pẹ̀lú ohùn kan, ìjọba sì yọwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 2017.

Ohun tí ó kàn wá

Àwọn ará Ekuri ni wọ́n ni ilẹ̀ wọn. Àwa ńkọ́? Àlejò ni wá lórí ilẹ̀ àwọn ará Uvwie. Bí àdéhùn bá dé, onílẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ pè. A lè sọ fún àlejò pé kí ó dáwọ́ dúró, kí ohunkóhun má sì kàn án.

Síbẹ̀, àǹfààní igbó kàn wá. Ẹ wo igi ẹ̀gbà etí omi: láàárín gbòǹgbò rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti akàn ti ń dàgbà. Bí a bá gé e tán fún igi ìdáná, àwọ̀n yóò máa bọ̀ lófìfo.

Kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ jẹ́ kí a bèèrè:

1. Kí ni a ó fi sílẹ̀, fún ọdún mélòó?
2. Kí ni a ó gbà dípò rẹ̀: ìgbín, ọ̀yà tàbí oyin sísìn ni, àbí owó? Ṣé yóò dé kí a tó dáwọ́ dúró?
3. Ta ni yóò tọ́jú owó, ta ni yóò sì ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn?
4. Ṣé orúkọ àlejò àti ti àwọn obìnrin tí ń ṣẹ́gi, tí ń já ewé, wà nínú ìwé náà?
5. Bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn, níbo ni a ó ti gbọ́ ẹjọ́?

Iṣẹ́ fún ìpàdé tí ń bọ̀: Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ ohun márùn-ún tí wọ́n ń rí nínú igbó àti nínú omi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a lọ bá onílẹ̀ wa jókòó nígbà tí ìjà kò tíì sí. Ẹni tí ó bá mọ iye ohun tí ó fẹ́ fi sílẹ̀ ni yóò mọ iye tí ó yẹ kí ó gbà.