Bí A Ti Ń Ka Ọrọ̀-Ajé Orílẹ̀-Èdè

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 2014, ìjọba kéde pé ọrọ̀-ajé Nàìjíríà ti tóbi ju ti Gúúsù Áfíríkà lọ, ó sì di ìkíní ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Iye tí a ti ń pè ní nǹkan bí 270 bílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 2013 di 510 bílíọ̀nù. Síbẹ̀, ẹlẹ́ja tí ó sùn ní Ẹ̀pẹ́ ní alẹ́ Sátidé kò jí bá náírà kan lé lórí owó rẹ̀. Kí ni ó wá yí padà?

Ìwé ìṣirò ni. Ohun tí a ń kà ni iye tí iṣẹ́ gbogbo ará ìlú fi kún ọjà láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí a wí pé obìnrin kan ní Ìkòródù ra ẹ̀gẹ́ ní 10,000 náírà, tí ó fi yan gàrí, tí ó sì tà á ní 16,000. 6,000 péré ni a ó kọ sí orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí a ti ka 10,000 fún àgbẹ̀. Títí di ọdún 2014, ọdún 1990 ni àwọn oníṣirò fi ṣe ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù alágbèéká tí ó kún ìgboro lónìí kò tàn kálẹ̀ títí di ọdún 2001. Nígbà tí wọ́n fi ọdún 2010 rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ fóònù, fíìmù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwò kéékèèké wọ inú ìwé. Gbèsè ìjọba náà sì dà bí ẹni pé ó fúyẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan kò dín nínú rẹ̀!

Bí a bá pín in lórí ènìyàn, ọ̀rọ̀ yí padà. A tó 170 mílíọ̀nù nígbà náà, wọn kò ju bí 53 mílíọ̀nù lọ ní Gúúsù Áfíríkà. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn ju ìlọ́po méjì tiwa lọ.

Dọ́là ni a sì fi ń díwọ̀n. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, náírà já wálẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 2024 a wà ní ipò kẹrin, lẹ́yìn Gúúsù Áfíríkà, Íjíbítì àti Àlgéríà. Wọ́n tún ìṣirò ṣe ní oṣù Keje ọdún 2025, pẹ̀lú ọdún 2019 gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Iye ti ọdún 2024 jẹ́ nǹkan bí 243 bílíọ̀nù dọ́là, ipò kẹrin náà ni.

Nítorí náà, bí oníṣirò ìjọba bá dé ọjà Olúwo tàbí ìsọ̀ yín, tí ó ń béèrè iye tí ẹ rà àti iye tí ẹ tà, kì í ṣe agbowó-orí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dín iye náà kù nítorí ìbẹ̀rù, iṣẹ́ wọn a sì pòórá nínú ìwé. Òfin Ìṣirò ti ọdún 2007 kò fàyè gbà á láti fi ìdáhùn ẹnikẹ́ni hàn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.